Ẹ Wà Nílé, Mo Wà Nílé

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. N kò mọ ìkíni mìíràn tí mo lè kí yín, nítorí ẹ kò jáde nílé yìí láti ọjọ́ tí a ti sin yín sí yàrá ọwọ́ ọ̀tún, èmi náà kì í sì fi bẹ́ẹ̀ jáde. Orí yín gan-an ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà. Bí mo bá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo máa ń rò ó pé ariwo rẹ̀ ń dí yín létí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ibẹ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé dáadáa.

Mo mọ̀ pé ẹ kò kàwé. Bí mo bá kọ èyí tán, n óò kà á sókè fún yín. Èdè wa ni mo fi kọ ọ́, bí wọ́n ti kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Faransé tí wọ́n fi pàṣán kọ́ wa ní lékóòlù, ilé ìwé àwọn òyìnbó, ta ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún yín níbẹ̀?

Iṣẹ́ pọ̀. Láti ìgbà tí a ti gba òmìnira, tí àwọn òyìnbó ti kó ẹrù wọn lọ, ó dà bí ẹni pé gbogbo ọmọ Ìfọ̀nyìn ló fẹ́ lọ sí lékóòlù lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tí kì í wọ kakí níbẹ̀. Aṣọ lékóòlù Lagbé ń bọ̀, ti Tchaada ń bọ̀. Kakí ni mo ń jẹ, kakí ni mo ń mu. Inú yín ìbá dùn, ẹ̀yin tí ẹ ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Àjàṣẹ́ nígbà tí àwọn ẹbí bàbá mi ń sọ pé àṣejù ni.

Àwọn obìnrin àdúgbò ń jowú mi. Wọ́n á gbé agbọ̀n gbágùúdá kọjá lójú fèrèsé, òógùn á máa kán lójú wọn, wọ́n á ní: "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ìwọ lo mọ ayé í jẹ. Abẹ́ òrùlé lo jókòó sí!" Wọn kò parọ́. Òjò kì í pa mí, oòrùn kì í pa mí. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi kan ṣoṣo tí ẹ kò dúró dè, ṣì wà lọ́mú, mo máa ń gbé e sí àyà kí n sì máa fi ọwọ́ kan ti aṣọ. Ọbẹ̀ á máa hó níná, màá máa gbóòórùn rẹ̀ láti ìdí iṣẹ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dá rìn, ojú mi ló ṣe. Bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní duáànù, lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, ìròyìn lásán ló gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù, nítorí n kò rí ẹlòmíràn sọ ọ́ fún. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, lójú gbogbo ayé, kò níṣẹ́. Ẹni tó ń lọ sóko á ní kí n máa bá òun wo àgbàdo tí òun sá. Àbúrò ọkọ mi á wá jókòó tì mí, á máa ro ẹjọ́ òun àti orogún rẹ̀ títí ọ̀sán yóò fi pọ́n. Oníbàárà á kanlẹ̀kùn nígbà tí òkèlè wà lẹ́nu mi. Bí ọbẹ̀ bá jóná, wọ́n á ní ṣebí ilé ni mo wà. Bí aṣọ kò bá tán lọ́jọ́ tí mo dá, ilé náà ni mo wà. Ẹni tó jáde á rí àwáwí wí, èmi kò ní ọ̀kan.

Èyí tó burú jù ni ti ọmọ. Ẹ̀gbẹ́ mi ló wà, síbẹ̀ n kì í rí i. Ojú mi wà lára abẹ́rẹ́, nítorí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kò mọ ìka yàtọ̀ sí aṣọ. Àbẹ̀kẹ́ á pè mí, màá ní "Hẹn." Á tún pè mí, màá tún ní "Hẹn," n kò sì ní gbójú sókè. Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí mo dá a lóhùn tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ra ṣaworo fún un lọ́jà Ìgólò, bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe fún ọmọ tó ti ń rìn. Mo fi òwú so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní ojú mi á wà lára kakí, etí mi á wà lára ọmọ. Bó bá wà nídìí ààrò, mo gbọ́. Bó bá ń lé adìẹ, mo gbọ́. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni àyà mi ń já. Ẹsẹ̀ mi á kúrò lórí ẹ̀rọ, màá yí etí sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá Àbẹ̀kẹ́, tó mọ̀ yín kí ẹ tó lọ, rí mi lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá mi ti dé. N kò bá a rẹ́rìn-ín. Mo rántí bí ẹ ti máa ń ṣe: ẹ ó mú òkèlè dé ẹnu, ẹ ó dáwọ́ dúró, ẹ ó dẹ etí sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tí wọ́n ń pè. Èmi ọmọdé á tẹ́tí tèmi náà, n kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ ó wá jẹun lọ, a kò sì ní sọ ọ́.

Ní ọjọ́ ọjà kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀gá lékóòlù fẹ́ wá gba kakí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo tẹ orí mọ́ iṣẹ́. Mò ń gbọ́ ṣaworo lẹ́yìnkùlé, ṣin, ṣin, ṣin. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ran apá, mo ran ọrùn, mo lẹ àpò mọ́ ọn. Nígbà tí mo fẹ́ bu omi mu ni mo pe Àbẹ̀kẹ́ pé kó wá mu tirẹ̀. Kò dáhùn, ṣaworo sì ń dún. Mo tún pè é, ṣaworo sì ń dún. Mo fi ìbínú jáde, mo ti gbé ọwọ́ tí màá fi nà án sókè. Ọmọ ewúrẹ́ Ìyá Rísì, aládùúgbò wa, ló dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń fi ara ha á, ṣaworo ọmọ mi wà lọ́rùn rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ti tú u kúrò lẹ́sẹ̀, ó ti fi ṣe ewúrẹ́ lọ́ṣọ̀ọ́. Ìyá mi, ewúrẹ́ ni mo ń ṣọ́ láti àárọ̀.

N kò mọ irú igbe tí mo ké. Ìyá Rísì jáde láti ilé tó kọjú sí tiwa, kò wé gèlè. Ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dùn ún, pé ọ̀pá ló fi ń rìn lọ kírun. Kò mú ọ̀pá lọ́jọ́ náà. Kò wo inú yàrá, kò wo ìdí kànga, kò bi mí léèrè ohunkóhun. Kòtò tó wà lẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi mọ ilé wa, tí òjò ń kún, ibẹ̀ ló sáré gbà lọ tààrà, ó ń ké: "Àṣàbí! Àṣàbí o!"

Ẹsẹ̀ mi dúró. Nínú ìpayà yẹn náà, mo dúró. Mo mọ̀ pé mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó kú kí n tó gbọ́n. Àìsàn ni wọ́n ní ó mú un lọ. N kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí nínú ilé yìí, nítorí a kì í pe orúkọ ọmọ tó kú létí ìyá rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́nu arúgbó tó ń wọ inú ẹrẹ̀ lọ.

Kò sí nǹkan nínú kòtò bí kò ṣe omi àti ewé. A ké yí gbogbo àdúgbò ká. Nígbà tí mo sáré padà wọlé láti mú ìborùn kí n lè lọ sọ fún bàbá rẹ̀, mo gbọ́ ìmí. Àbẹ̀kẹ́ sùn sábẹ́ òkìtì kakí, lẹ́yìn àga mi. Ẹ̀yìn mi ló wà ní gbogbo àkókò yẹn. Bóyá ó pè mí. Bóyá mo ní "Hẹn," tó sì rẹ̀ ẹ́. Mo gbé e mọ́ra, mo sunkún bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú. Ó jí, ó ní òun fẹ́ mu omi.

Ìyá Rísì jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ẹrẹ̀ bò ó dé orúnkún, ó sì sọ ohun tó ti fi pamọ́ látọjọ́ yìí. Ó ní: "Ìyá rẹ wà nílé. Ìdí òfì ló wà, ó ń hun kíjìpá. Ọmọ ń ṣeré lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ ṣaworo rẹ̀. Nígbà tí ṣaworo dákẹ́, ó ní ọmọ ti sùn. Inú rẹ̀ dùn pé ó sùn, kí òun lè rí aṣọ náà hun tán."

Ó ní nígbà tí wọ́n gbé Àṣàbí jáde nínú kòtò, àwọn tó wá kí yín kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ju pé, "Ṣebí o wà nílé?" Ó ní wọ́n bi yín títí ẹ fi dákẹ́. Bó jẹ́ pé oko lẹ lọ, wọ́n á ní kò sí nílé, àánú á ṣe wọ́n. Wọ́n sì lọ sin ín síbi tí wọn kò fi hàn yín, nítorí ìyá kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí?

Ó ní ọjọ́ tí wọ́n sin ín lẹ tú òfì náà palẹ̀, tí ẹ gbé ọkọ́, tí ẹ gba oko Lagbé lọ. Ìyẹn ni mo fi bá yín láyé. Ní àárọ̀ ẹ ó fi mí lé Ìyá Rísì lọ́wọ́, èmi á di òpó ilẹ̀kùn mú, màá máa ké, ẹ kò ní wẹ̀yìn. Ìrọ̀lẹ́ ni màá tó rí yín. Mo rò pé ọmọ tí wọn kò fẹ́ ni mí. Mo dàgbà pẹ̀lú rẹ̀ nínú. Òun gan-an ló jẹ́ kí n búra pé bí mo bá bímọ, ilé ni màá ti ṣiṣẹ́, ọmọ mi kò ní fi ojú wá mi. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Ẹ rí i pé mo ń kọ́ṣẹ́ tí yóò mú mi jókòó sílé, ẹ sì sanwó rẹ̀. Ṣé ẹ rò pé ti ẹ̀rọ á yàtọ̀ ni? Àbí ẹ ń fẹ́ kí ẹnìkan ṣe é kó yọrí?

Mo já ṣaworo náà. Ìyá Rísì gbà á, ó lọ jù ú síbi tí kò sọ. Síbẹ̀ mò ń gbọ́ ọ, ní ojú ọ̀sán gangan. Bí ẹ̀rọ bá ti dúró, ó ń dún lábẹ́ símẹ́ǹtì níhìn-ín, bí ọmọ tó ń rìn yí ẹnìkan ká. Mo ti gbàdúrà, mo ti wọ́n omi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ náà máa ń dùbúlẹ̀ kó fi etí lé ilẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín. N kò bi í pé kí ló gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé Àṣàbí ti wá bá yín ni? Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ jẹ́ kó máa dún, n kò ní wọ́n omi mọ́.

Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ti rí ìsọ̀ fún mi l'Ígólò. Ó ní kí n gbé ẹ̀rọ lọ síbẹ̀, kí n máa fi ọmọ sílẹ̀ fún Ìyá Rísì. Ó ní, "Bíró tí a ti ń ṣiṣẹ́ ni bíró, ilé ni ilé. Ṣé mo ń gbé ìwé duáànù wá sórí ibùsùn?" Mo rò ó, mo tún un rò. Lọ́jọ́ Ìsinmi mo ní n kò lọ. Mo ní ẹnìkan ti fi ọmọ lé Ìyá Rísì lọ́wọ́ rí, èmi ni ọmọ náà. Láti ìgbà náà ó ń jẹun láìwo ojú mi.

Ṣùgbọ́n n kò lè máa ṣe é bí mo ti ń ṣe é. Mo ti dá ìdajì kakí padà fún ọ̀gá lékóòlù. Ó bínú, ó kó o lọ fún télọ̀ kan ní Ko-Koumolou, bóyá kò sì ní padà wá. Èyí tó kù, màá máa ran án láàárọ̀ nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ bá ṣì ń sùn, tí mo ti fọwọ́ kàn án pé oorun ni. Bó bá ti jí tó ń ṣeré, màá fi aṣọ bo ẹ̀rọ. Àwọn obìnrin àdúgbò á ní ọ̀lẹ ti mú mi. Kí wọ́n wí.

Nítorí náà, Ìyá mi, láti ọ̀la lọ, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹ̀rọ dákẹ́ lórí yín lọ́sàn-án, tí gbogbo ilé sì parọ́rọ́, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Nǹkan kan kò ṣe. Ọmọ ni mò ń wò.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ kò wẹ̀yìn wò láàárọ̀, tó ti wá mọ bí ẹ ti fẹ́ràn òun tó.