Ewé Violet Ojú Fèrèsé

Tuesday

Tísà biology mi ní tí mo bá tún fi àbùmọ́ sínú homework, òdo ni mo máa gbà. Síbẹ̀ mo kọ ọ́ pé ewé violet ojú fèrèsé wa, irú òdòdó tó ń hù lórí àpáta nínú igbó Tanzania, tóbi tó àwo ìrẹsì.

Mummy ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ shift wọn ní Camberwell dé, ní London níbí, wọ́n sì kà á. "Àwo ìrẹsì bàbá ta ni? Mú rúlà wá jàre!"

A jọ wọ̀n ọ́n ni. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin péré! Irun funfun bò ó bí etí ológbò. Òdòdó rẹ̀ pín sí márùn-ún, ó ní àwọ̀ àlùkò, àpò yẹ́lò kékeré méjì tí ìyẹ̀fun òdòdó wà nínú wọn sì wà láàárín. Ó rẹwà débi pé mi ò rí irọ́ tí mo lè fi kún un.

Mummy ti sùn lọ lórí àga báyìí, wọn ò tíì jẹun. Alhamdulillah pé mo ní wọn. Kò sí irú wọn ní gbogbo Peckham, títí dé East Dulwich pàápàá, àbùmọ́ kọ́ o.