Ẹ̀rọ Ọ̀fẹ́ Tí Kò Mọ Àgò

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Bí o bá ní báwo lèmi náà ṣe wà, mo dúpẹ́, ara ń gbádùn díẹ̀, ọkàn nìkan ni kò balẹ̀. Ìdí máṣíìnì ìyá aránṣọ, aládùúgbò wa, ni mo jókòó sí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí n kò fẹ́ kí ẹ̀rọ tó wà nílé wa rí ohun tí mò ń kọ. Jọ̀wọ́, má bínú kí o tó kà á tán.

Ọmọkùnrin kan ló wá sílé, táì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi lórí ilẹ̀ eléruku, ni mo bá ní ẹni tó bí èyí kọ́ ọ. Ó bi mí bóyá èmi nìkan ni mo ń gbélé, mo ní bàbá rẹ ti sùn oorun àìjí, ẹ̀yin ọmọ sì wà nílùú ńlá, ló bá ń mi orí bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ni olè ń wá kiri, pé iléeṣẹ́ àwọn yóò bá mi fi álààmù, ẹ̀rọ tó ń ké bí olè bá wọlé, sẹ́nu ọ̀nà iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ mi, ọ̀fẹ́! Mo fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, mo tún kọ àdúrà fún un sísàlẹ̀, lórí àwọn lẹ́tà kan tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ìyá aránṣọ kìlọ̀ fún mi pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mo rò pé ìlara ni.

Obìnrin kan wà nínú ẹ̀rọ náà tó máa ń sọ̀rọ̀. Mo gbà pé òṣìṣẹ́ wọn ni, tí wọ́n fi jókòó sí ọ́fíìsì kan kó máa wò mí, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí torí kì í sùn. Onítáì ní kí n máa tẹ nọ́ńbà kan tí mo bá ti ṣílẹ̀kùn, kí ẹ̀rọ má bàa ké. Ṣùgbọ́n ta ni í wọlé tí kò ní kọ́kọ́ kí ẹni tó bá nílé? Mo máa ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ojú lọ́nà, kí n tó kí i dé ìdajì, ó ti figbe ta. N kò rí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé tó bẹ́ẹ̀ rí.

O mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé ni ìyá aránṣọ máa ń gbà wọlé láràárọ̀, láti wò ó bóyá mo jí ire. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọbẹ̀ bọ̀, ó ní àgò onílé o, kí n tó ní àgò yà, ẹ̀rọ náà ti ké lé e lórí. Ọbẹ̀ dà sí i láṣọ. Ó ní òun kò ní wá sílé tí wọ́n ti ń pe òun lólè mọ́, bẹ́ẹ̀ làwọn aládùúgbò yòókù náà ṣe yẹra lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, olè kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ yìí ti mú ni èmi, nígbà tí ìtọ̀ gbọ̀n mí jáde lóru.

Owó tí ò ń fi ránṣẹ́ náà wá ń dín kù ní báńkì. Mo lọ bá akọ̀wé wọn, ó ní iléeṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń yọ ọ́, mo ní báwo ni ẹ̀rọ tí kò lẹ́sẹ̀ ṣe ń débẹ̀ ṣáájú mi. Ó mú ẹ̀dà ìwé Onítáì jáde, ó ní èmi ni mo fọwọ́ sí i, pé fífi ẹ̀rọ náà sára ògiri ni ọ̀fẹ́, wíwò tí wọ́n ń wò mí ni mò ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, ọdún mẹ́ta sì ni. Bí mo bá yọ ọ́ kó tó pé, mo máa san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kí ó wo àdúrà tí mo kọ síbẹ̀. Ó ní òun rí i, pé àmín.

Ṣùgbọ́n èyí tó mú mi kọ̀wé yìí gan-an nìyí. Mo yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ mi kò ṣe é tẹ̀. Mo ké, ẹ̀rọ náà ń ké, ẹnikẹ́ni kò yọjú, torí ariwo rẹ̀ ti sú gbogbo àdúgbò. Mo bẹ obìnrin inú rẹ̀ kó rán ènìyàn sí mi, nọ́ńbà ló ń béèrè. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi, mo ń pe orúkọ rẹ. Ìyá aránṣọ ló padà dé. Ó ní òun kò gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ mi láàárọ̀ yẹn, ara òun kò sì gbà á. Ẹ̀rọ ń ké lé e lórí, ó ní kó máa ké lọ, ó pọ̀n mí jáde bí ọmọ ọwọ́.

Ẹsẹ̀ náà ti ń san. Jọ̀wọ́, wá bá mi bá Onítáì sọ̀rọ̀, ìwọ lo gbọ́ èdè wọn. Kí o sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi ra aṣọ fún ìyá aránṣọ dípò èyí tí ọbẹ̀ bà jẹ́, yóò rán an fúnra rẹ̀. Má fi sí báńkì, ẹ̀rọ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀, awakọ̀ tó ń bọ̀ wálé ni kí o fún. Bí o bá dé, má yà sílé wa. Ọ̀dọ̀ ìyá aránṣọ ni mò ń sùn láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú. Ẹ̀rọ náà ń ṣọ́ ilé dáadáa, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ẹlẹ́dàá tí kì í sùn, tí kì í sì í gba owó oṣooṣù, yóò máa ṣọ́ ọ, ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ. O ò ní ké kí aládùúgbò rẹ má gbọ́.

Èmi ni ìyá rẹ.