Sùtánà Tí Mo Kọ́kọ́ Wọ̀

Màámi, ẹ̀yin tí mo ṣì ń fẹ́ kí láàárọ̀ kí n tó rántí pé ẹ ti lọ,

Mo ti lọ́kọ o. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí mo mọ̀ pé òun lẹ máa kọ́kọ́ bèèrè. Ọmọ Èkìtì ni, iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwa méjèèjì á jókòó nínú yàrá, a ó máa rẹ́rìn-ín síra wa bí àlejò. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin àti bàbá mi náà ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ṣọ́ọ̀bù yín ní Agége ṣì wà. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ yín ni mò ń lò, sùtánà náà ni mo sì ń rán fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí ẹ ṣe kọ́ mi lẹ́yìn tí mo kúrò nílé ìwé. Mo ṣì máa ń fọwọ́ kí n tó kan aṣọ funfun. Ṣùgbọ́n mo máa ń fẹnu já òwú nígbà míì, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé itọ́ kò gbọdọ̀ kan aṣọ tí èèyàn máa wọ̀ lọ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló mú mi kọ̀wé yìí. Kò jẹ́ kí ara rọ̀ mí.

Ẹ mọ̀ pé ojú máa ń tì mí. Tí oníbàárà bá wọlé, ilẹ̀ ni mo máa ń wò tí mo bá ń fi tépù wọn èjìká rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kì í tì mí níwájú fóònù, torí n kì í rí ẹni tó ń wò mí. Àwọn tá a jọ wà ní kíláàsì, inú fóònù ni mo ti ń rí wọn báyìí, ẹlòmíì ń polówó ìpara, ẹlòmíì ń fi aṣọ hàn, gbogbo ayé sì ń pe orúkọ wọn. Ó wù mí kí wọ́n mọ èmi náà. Ó wù mí kí ẹnì kan dá mi dúró lójú títì kó ní, àbí ìwọ kọ́ nìyẹn? Ṣé kò wu ẹ̀yin náà rí, nígbà tẹ́ ẹ bá tẹrí ba sórí máṣíìnì títí ọrùn yín fi ń ro yín?

Màmá Adúrótì gbé aṣọ funfun wá pé kí n fi rán sùtánà fún àwọn. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn tó ń ta ẹ̀pà lẹ́bàá ibùdókọ̀ rélùwéè, tí wọ́n máa ń jókòó sẹ́yìn pátápátá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ gidi ni, pẹ̀lú lẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fẹ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n rọra tẹ́ ẹ sórí tábìlì bí ọmọ tuntun. Mo sì rán an dáadáa. Nígbà tí mo lọ̀ ọ́ tán, ó dán débi pé n ò lè gbé e kọ́ lásán. Mo bọ́ bàtà, mo wọ̀ ọ́, mo di àmùrè rẹ̀, mo gbé fóònù ti ògiri, mo wá ń yí po. Aṣọ yẹn là bí agbòjò. Mo gbé fídíò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo bọ́ aṣọ, mo tún un lọ̀, mo ká a.

Fídíò yẹn lọ káàkiri, Màámi. Àǹtí onírun tó ń dirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ń pariwo, "Gbajúmọ̀ Agége! Ṣé wàá ṣì máa kí wa báyìí?" Ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́, ó ní, "Ìyàwó, wọ́n fi ẹ́ hàn mí o! Mo ní ìyàwó mi nìyẹn, wọn ò gbà." Inú mi dùn débi pé n ò lè jẹun. Màdáámù kan tó ní ilé ìtajà aṣọ ní Ìkẹjà GRA tún pè mí pé kí n wá máa bá àwọn ṣiṣẹ́. Mo ní mo lè rán sùtánà, mo lè rán búbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Rárá o, díà mi, a ní àwọn tó ń rán. Ìwọ ṣáà máa wọ̀ ọ́, kó o máa yí."

Mo ní màá fún wọn lésì.

Màmá Adúrótì wá gba aṣọ wọn. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ti fi fídíò hàn wọ́n, lẹ́ẹ̀sì yẹn ni wọ́n fi dá a mọ̀. Wọn ò pariwo.

"O ti wọ̀ ọ́."

Mo ní kò dọ̀tí, Mà. Mo ní ṣebí olùṣọ́ ìjọ ò tíì yà á sí mímọ́.

"Ọmọ mi, n ò ní o ṣẹ̀." Wọ́n jókòó. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń jọ́sìn, aṣọ tí ẹlòmíì ti wọ̀ gbó ni mò ń wọ̀. Ti ìyá ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Ti àbúrò mi tó kú ló tẹ̀ lé e. Mo kàn fẹ́ kí ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ara tèmi ló kọ́kọ́ mọ̀." Wọ́n dìde. "Ó dáa lára ẹ, n ò parọ́. Máa wọ̀ ọ́."

Bí wọ́n bá bú mi ni, ì bá sàn.

Ìgbà tí wọ́n lọ ni mo rántí pé ẹ kì í gbé aṣọ oníbàárà sára yín. Ara ilẹ̀kùn lẹ máa ń gbé e sí tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo gígùn rẹ̀. Mo rò pé torí pé ẹ kúrú ni! Mo tiẹ̀ máa ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ ò ṣe sọ ìdí rẹ̀ fún mi?

Mo ra irú aṣọ náà, mo lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kọ̀. Mo tún lọ. Wọ́n wá ní, "Ó dáa. Ojú mi lo ti máa rán an." Wọ́n gbé atẹ́ ẹ̀pà wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jókòó kọjú sí mi, wọ́n ń ṣa ẹ̀pà, wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wò mí, Màámi, ojú sì tì mí ju ti gbogbo ayé lọ. Abẹ́rẹ́ gún mi. Mo gbé òwú sẹ́nu, wọ́n ní, "Hẹ̀n-ẹ́n! Ìyá ẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o!" Ni a bá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo gbàgbé pé wọ́n ń wò mí. Mo gbàgbé ara mi pàápàá, aṣọ nìkan ló kù. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀ ti ṣe mí gbẹ̀yìn.

Mo ti yọ fídíò yẹn kúrò. Àǹtí onírun ní orí mi ò pé. Mo sọ fún màdáámù GRA pé n ò ní lè wá, ọkọ mi sì ní ohun tó bá ti tẹ́ mi lọ́rùn ni. N ò lè sọ pé kò wù mí mọ́. Àná náà mo ṣì ń wo àwọn tó ń yí nínú fóònù.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, Màmá Adúrótì wọ aṣọ wọn wá. Wọn ò jókòó sẹ́yìn. Àárín àwọn obìnrin ni wọ́n lọ. Gbogbo ìjọ dìde láti kọrin, ni mo bá sọ wọ́n nù láàárín èrò. Funfun ni gbogbo rẹ̀, n ò mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́. Mo wá rò ó pé tiyín wà níbẹ̀ náà, èyí táwọn èèyàn ṣì ń wọ̀ jọ́sìn títí dòní, n ò sì lè tọ́ka sí ọ̀kan. Inú mi dùn, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe yín? Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ìgbà náà lọ́hùn-ún ni mo jókòó tì yín, tẹ́ ẹ máa ń la ojú sílẹ̀ wo ìjọ nígbà tí àwọn yòókù bá dijú. Mo rò pé ẹ ò gbàdúrà ni.

Ẹ sùn ire, Màámi.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ kọ́ níṣẹ́, tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́.