Sàréè Oókan

Jímọ̀, ìrọ̀lẹ́

Bàbá tó ń ṣọ́ itẹ́ òkú bi mí lónìí pé, "Tantie, ta ni nọ́mbà sept yìí jẹ́ sí yín?"

Mo ní Sàfúrátù àbúrò mi ni.

Ó ní, "Un, oókan, ni mo kọ fún yín, kì í ṣe sept, eéje."

Mo yọ ìwé tó kọ nọ́mbà sàréè sí fún mi wò. Oókan rẹ̀ dé fìlà gígùn, mo ti kà á sí eéje. Bí àwọn elédè Faransé ṣe ń kọ ọ́ níbí nìyẹn. Eéje ni wọ́n máa ń fa ìlà sí níkùn. Ní Ìgbòho, igi kan lásán ni oókan.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi tu koríko orí sàréè àjèjì, tí mò ń bẹ Sàfúrátù níbẹ̀ pé kó forí jì mí.

Mo lọ sí oókan; koríko orí sàréè Sàfúrátù ti dé orúnkún. Mo dúró níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ti tán lẹ́nu mi.