Mọ́tò Tuntun Tí A Fi Owó Àdìrẹ Yín Rà

Ìyá mi àtàtà, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ẹnu yín tutù ju omi àmù lọ,

Èdè wa ní ìkíni fún ohun gbogbo. Ẹni tó ń tajà, a ní ẹ kú ọjà. Ẹni tó jókòó, a ní ẹ kú ìjókòó. Ẹni tí òjò pa, a ní ẹ kú òjò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti fi wá sílẹ̀ ni mo ti ń wá ìkíni tó tọ́ sí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, n kò sì tíì rí i. Ẹ jẹ́ kí n kàn kúnlẹ̀, kí n sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Ara Bàbá le. Wọ́n ṣì ń ka ìwé ìròyìn sókè láàárọ̀ bí ẹni pé ẹ wà ní yàrá kejì tí ẹ ń gbọ́. Bí wọ́n bá dé ibi tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n a gbójú wo ẹnu ọ̀nà yàrá náà, lẹ́yìn náà wọ́n a ṣí ojú ewé mìíràn. Mósún, àbíkẹ́yìn yín, ti fẹ́ wọ ọdún tó kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ọmọ náà níwà, ó sì ní sùúrù. Bí ó bá ń ṣàlàyé nǹkan fún ènìyàn, ọwọ́ yín ni mo máa ń rí lára ọwọ́ rẹ̀.

Ìròyìn tó mú mi kọ̀wé ni pé a ti ra mọ́tò náà.

Ẹ rántí àṣẹ tí ẹ pa lórí ibùsùn. Ẹ ní kí a ta gbogbo àdìrẹ tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìtòkú, kí a fi owó rẹ̀ ra mọ́tò fún Bàbá, tuntun gbáú, kì í ṣe tòkunbọ̀, kí èyí tó bá ṣẹ́kù sì mú Mósún jáde ilé-ẹ̀kọ́. Ìdí tí ẹ fi kọ tòkunbọ̀ yé mi. Ṣé èyí tí Bàbá ní tẹ́lẹ̀ kò dákú lójú ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá títí ó fi sú àwọn ará ọ̀nà náà? Ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀yin ti gèlè, ẹ ó ká ìborùn yín lé èjìká, ẹ ó sì fọwọ́ tì í pẹ̀lú wa láìráhùn, nítorí ẹ kò fẹ́ kí ojú ti Bàbá.

Owó kan ni, ìyá mi, iṣẹ́ méjì ló sì fẹ́ ṣe. Bí mọ́tò bá gbé e mì, Mósún yóò jókòó sílé lọ́dún tó yẹ kó gboyè. Èyí ni mo gbé lọ́kàn lọ sí ilé ìtajà mọ́tò.

Èmi àti Bàbá la jọ lọ. Ilé onígíláàsì ni, lápá Ìbarà, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀ bí ẹni pé a ti kúrò ní Abẹ́òkúta. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà wá lálejò ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé, ọmọlúàbí tòótọ́, ọmọ tí a kọ́ tó sì gba ẹ̀kọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá lórí ilẹ̀ dídán, tòun ti táì ọrùn rẹ̀. Ó béèrè apá ibi tí Bàbá ti wá nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Bàbá ní Ìtòkò ni. Ó ní ìyá tó bí ìyá òun, ọmọ Ìtòkò ni. Láti ìgbà yẹn ni Bàbá ti ń pè é ní ọmọ mi.

Ó mú wa dé ìdí mọ́tò kan, aláwọ̀ eérú, ó rẹwà púpọ̀. Wọ́n lẹ iye owó rẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú. Kí a tó fẹnu ba iye náà rárá, ó ti ń ka ẹ̀bùn fún wa. Àwọn yóò gba nọ́ńbà mọ́tò fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn yóò ṣe ìnṣọ́ránsì ọdún kan lọ́fẹ̀ẹ́. Bí mọ́tò bá tó sáfíìsì, ìyẹn àyẹ̀wò àti ìpààrọ̀ ọ́ìlì, àwọn kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa fún àwọn ti àkọ́kọ́. Ó tún ka ìtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀, ó ka agboòrùn ńlá, ó sì ka fìlà tí a kọ orúkọ ilé ìtajà náà sí, èyí tó fi dé Bàbá lórí lójú ẹsẹ̀.

Níbẹ̀ ni Bàbá ti ṣe àṣìṣe tó jẹ́ pé àgbà tó mọ ẹ̀yẹ nìkan ló lè ṣe é. Wọ́n dúpẹ́. Kì í ṣe ọpẹ́ kékeré. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n súre fún Kúnlé, wọ́n súre fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n dé orí àwọn ọmọ tí kò tíì bí. Obìnrin tó ń tẹ̀wé nídìí tábìlì dìde dúró, ó ń ṣe àmín. Ẹ sì mọ̀ bí ó ti rí láàárín wa: ẹni tó bá ti dúpẹ́ ẹ̀bùn tán, ojú a máa tì í láti tún dúró ná ọjà olóore rẹ̀. Bí mo ṣe la ẹnu pé kí n ná mọ́tò, Bàbá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Kúnlé gbé ìwé wá. Lábẹ́ iye tó wà lára gíláàsì, owó mìíràn tún tò síbẹ̀: owó gbígbé mọ́tò wá láti èbúté, àti owó ìmúra mọ́tò. Mo béèrè ohun tó ń jẹ́ ìmúra. Ó ní wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò yẹ ọ́ìlì àti táyà rẹ̀ wò, wọn yóò sì bó ọ̀rá tó wà lára àga. Bàbá gbójú sókè.

"Ọmọ mi, ẹni tó ń fọmọ fọ́kọ, ṣé òun náà ló ń gbowó ìwẹ̀ ìyàwó lọ́wọ́ ọkọ?"

Kúnlé rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ sanwó ìyàwó-ilé nígbà ìdána tiyín. Ẹ sanwó ìṣíjú pẹ̀lú."

"Mo san án. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sanwó orí, àwọn àna mi dá a padà, wọ́n ní àwọn kì í tọmọ. Èwo lẹ̀yin máa dá padà fún mi níbí?"

Gbogbo ilé náà rẹ́rìn-ín. Obìnrin ìdí tábìlì rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ìtìjú ọpẹ́ sì tú kúrò lára wa, ìyá mi, ọ̀nà là fún èmi náà láti sọ̀rọ̀.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni bí ẹ ṣe máa ń dá àwọn tó bá béèrè èènì lórí àdìrẹ lóhùn. Ẹ kì í bú wọn. Ẹ ó ní gàrí ní èènì, ẹ̀wà ní èènì, epo ní èènì, nítorí ohun tí a fi igbá wọ̀n, a lè bù sí i. Odidi ni aṣọ. Bí aláṣọ bá fi ìborùn lé e fún ọ, inú owó aṣọ ni kí o ti wá owó ìborùn. Ẹ̀dínwó ni ẹ̀tọ́ aṣọ. Mo wo mọ́tò aláwọ̀ eérú náà, mo sì rí i pé odidi ni òun náà.

Mo wá bi Kúnlé pẹ̀lú ọ̀wọ̀: bí a bá fi agboòrùn, ìtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀, nọ́ńbà àti ìnṣọ́ránsì sílẹ̀ fún un, kí ni yóò dín lórí owó? Ó ní ẹ̀bùn kì í di owó. Mo tún bi í èwo nínú àwọn ẹ̀bùn náà ló wá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò, èwo ló sì wá láti ilé ìtajà tiwọn. Ó wò mí, ó wo Bàbá, ó sì ní kí a jọ̀wọ́ ká bá òun wọ yàrá inú.

Nígbà tó ti ilẹ̀kùn, ẹ̀yin ni mo rántí. Ẹ̀yin náà ní yàrá inú. Ẹ ó fa oníbàárà tí ìnájà rẹ̀ ti gbó sẹ́yìn àwọn aṣọ tí ẹ fi kọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ ó sì sọ jálẹ̀ owó fún un jẹ́ẹ́jẹ́, kí ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì má baà gbọ́.

Mo yin Kúnlé, nítorí ó la ọ̀rọ̀ náà yé wa láìfi wá ṣe òmùgọ̀. Ó ní iye kan wà tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò fi ń tà á fún àwọn. Iye tó wà lára gíláàsì ni èyí tí wọ́n dá lámọ̀ràn pé kí àwọn tà á. Àárín méjèèjì ni owó-oṣù òun, owó iná àti owó ọlọ́dẹ ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta wà tí ojú oníbàárà kì í tó. Bí àwọn bá ta iye mọ́tò tí a là kalẹ̀ kí oṣù tó parí, ilé-iṣẹ́ náà a máa dá nǹkan padà fún àwọn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ti ọdún tuntun bá sì dé tí ti èṣí ṣì wà nílẹ̀, wọn a tún fún àwọn lówó kí àwọn lè tètè tì í jáde. Ti èṣí ni mọ́tò aláwọ̀ eérú náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì wà á. Ní ti àwọn ẹ̀bùn, sáfíìsì nìkan ló wá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́, gbogbo ẹni tó bá rà á ló sì ni ín. Àwọn yòókù, inú owó mọ́tò ni owó wọn wà.

Mo bi í ìdí tí kò fi sọ èyí fún wa níta.

"Àǹtí mi, ẹni tó bá béèrè là ń fún. Ẹni tí kò béèrè, ó ń san iye ara gíláàsì tayọ̀tayọ̀."

Ó yọ owó ìmúra kúrò. Ó fún wa nínú ohun tí ilé-iṣẹ́ yóò dá padà fún wọn. A fi agboòrùn àti ìnṣọ́ránsì sílẹ̀, ó yọ owó wọn náà. Bàbá fẹ́ dá fìlà padà, ó kọ̀, ó ní àdúrà ti wọ inú rẹ̀. Ohun tó já wálẹ̀ tó owó ilé-ẹ̀kọ́ Mósún fún odidi ọdún, yàrá tí yóò máa gbé ní Òṣíẹ̀lẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni Kúnlé bẹ̀ wá, pé kí a má ṣe dárúkọ iye tí a san fún oníbàárà mìíràn. Bàbá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún un.

Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn. Bàbá jókòó síwájú bí ọba lọ́jọ́ tí a gbé Mósún lọ sanwó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Kúnlé kò kúrò létí mi. Ẹni tó bá béèrè.

Ìyá mi, mélòó ni wọ́n wá sọ́dọ̀ yín tí wọn kò béèrè? Mo rántí olùkọ́ obìnrin kan tó wá láti ọ̀nà jíjìn. Iye tí ẹ kọ́kọ́ pè ló fi ọwọ́ méjèèjì san, ó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ bá a ká aṣọ náà dáadáa, ẹ sìn ín dé títì. Àwọn aláró a sì máa fún yín ní ìdì aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá palẹ̀ ọjà wọn mọ́ kí ọdún tó dé. Àwọn tó mọ ọjà ná jẹ nínú rẹ̀, ìṣojú mi ni. Olùkọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé ó máa ń wúwo lọ́kàn yín nígbà tí ẹ bá ń ti ṣọ́ọ̀bù?

Ta ni èmi tí n ó dá ọwọ́ tó bọ́ mi lẹ́jọ́? Owó àdìrẹ yẹn náà ló rán mi níwèé. Bóyá ìnájà jẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ lójú yín, tí ẹni tó bá kọ̀ láti ná ọjà dà bí ẹni tó kọ̀ láti bá yín jókòó. Mo mọ̀ pé inú yín a máa dùn sí ẹni tó mọ ọjà ná. Ẹ ó béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ ó béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ ó sì máa rántí rẹ̀ títí ọdún yóò fi yí po. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ó dùn mí pé n kò bi yín nígbà tí ẹ wà láyé. Ohun tí mo rò nígbà náà ni pé ọjà títà lásán ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá tí mo yá mọ́tò náà lọ síbi iṣẹ́, Fọlákẹ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè, yí mọ́tò náà po, ó sì kí wa kú oríire. Ó ní òun náà ti ń tọ́jú owó, ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn náà lòun sì ń lọ lọ́jọ́ Ajé. Àwọ̀ tí wọ́n ní nìkan ló bi mí.

Ẹ̀jẹ́ Bàbá di ẹnu mi, n kò sì dárúkọ iye kankan. Ṣùgbọ́n mo fà á jókòó. Mo ní kí ó béèrè bóyá ti ọdún yìí ni tàbí ti èṣí. Mo ní kí ó béèrè ohun tó wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe mọ́tò àti ohun tó wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, kí ó béèrè ìtumọ̀ ìmúra, kí ó béèrè iye tí yóò san bí kò bá gba ẹ̀bùn rárá. Mo ní kí ó dúró di ìgbà tí oṣù bá fẹ́ parí, kí ó má sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí wọn yóò fi fẹnu kò lórí owó.

Ó wo ilẹ̀. "Àǹtí, ojú á tì mí."

"Jẹ́ kó ti èmi," ni mo wí.

A ti sún ọjọ́ Ajé rẹ̀ sí ìparí oṣù, èmi ni n ó sì sìn ín lọ. N ó kúnlẹ̀ kí Kúnlé bí ó bá tilẹ̀ fajú ro, nítorí ó ṣe wá lóore, n ó sì jókòó ti ọmọ náà títí yóò fi béèrè tán. N kò mọ̀ bóyá ẹ ó yìn mí fún èyí tàbí ẹ ó ní mo ń ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Mo kàn mọ̀ pé n kò lè dúró di ìgbà tí yóò béèrè lọ́wọ́ mi.

Ẹ sinmi, ìyá mi. Bàbá ní kí n kí yín.

Èmi àkọ́bí yín, tí ìfẹ́ yín kò lè ṣá lọ́kàn rẹ̀ láéláé.