Lẹ́tà tí Ìyá Dáre kà

Kábà, Ọjọ́bọ̀, oṣù kọkànlá, 1954

Ọkàn mi ò balẹ̀ láti ọ̀sán.

Ìyá Dáre, ahunṣọ ẹ̀yìnkùlé wa, mú lẹ́tà wá, ó kí mi. "Okun o, Tíṣà. Bá mi kà á." Dáre ló kọ ọ́ láti Jọ́ọ̀sì, níbi tó ti ń wa kùsà, ìyẹn tánganran inú ilẹ̀. "Ìyá mi" nìkan ni mo rí kà. Ìyókù rí wúruwùru bí ibi tí adìyẹ ti tan ilẹ̀.

Ojú tì mí, mo bá purọ́. "Ó ní ẹ kú iṣẹ́. Ó ní àlàáfíà lòún wà."

"Dákẹ́." Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ. "Bí ara ahunṣọ ò bá yá, aṣọ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọwọ́ ọmọ mi ń gbọ̀n níbí. Níbí, ó ti rẹ̀ ẹ́."

Òótọ́ ni. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní ìwé, n ò rí i.

Nírọ̀lẹ́, mo bá a nídìí lọ́rì Lọ́kọ́jà, ó ń lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì. Mo ní kó ṣe sùúrù, bóyá lẹ́tà mìíràn ń bọ̀.

"Ẹni tó kọ èyí, Tíṣà, kò lè kọ òmíràn."

Ó gun lọ́rì.