Abẹ́rẹ́ Tí Ẹ Yí Sísàlẹ̀

Bàbá mi, ẹni tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi,

Ó di oṣù méje tí a ti sin yín, inú sì ń bí mi sí yín. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn.

Ọkọ̀ yín hó lọ́sẹ̀ tó kọjá, lórí òkè tó ṣáájú Savalou. Ó kún fún èrò. Omi gbígbóná ń tú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn dúró jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀, bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná ọkọ̀ láàárọ̀. Ìyá oníkajú tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ọmọ, bàbá rẹ wa ọkọ̀ yìí títí ó fi kú, kò sè wá bí iṣu rí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nísinsìnyí, gbogbo ìlú wa, Bantè, gbà pé èmi ni mo ba ọkọ̀ yín jẹ́. Ìyá mi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mekáníìkì tún ẹ́ńjìnnì ṣe tán, èmi fúnra mi tú dígí tó bo abẹ́rẹ́ náà. Mo rí ibi tí ṣíbí méjì tí ẹ fi gbé e sókè ti ha awo tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rí ẹ̀kán gọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń lẹ sálúbàtà yín. Ẹ fa abẹ́rẹ́ yọ, ẹ yí i sísàlẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà, kí èrò iwájú má baà rí i tó ń gòkè, kí wọ́n má baà bọ́ sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Àbí kí ni ìdí mìíràn?

Ìgbà náà ni mo tó lóye àtẹ́lẹwọ́ yín. Ibikíbi tí a bá dúró, ẹ máa ń gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ó ní Bìsímílà. Mo rò pé àdúrà nìkan ni. Ìgbóná lẹ ń wọ̀n. Ẹ kọ́ mi ní jíà, ẹ kọ́ mi ní búrẹ́kì, ẹ kọ́ mi bí a ṣe ń kí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà. Kí ló dé tí ẹ kò kọ́ mi ní èyí?

Ṣíbí méjì yín yẹn, tó ṣì wà nínú àpótí irinṣẹ́ ọkọ̀, ni mo fi fà á yọ. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, mo tẹ abẹ́rẹ́ padà sórí ìlà tútù, n kò fi gọ́ọ̀mù sí i. Ó ń gòkè báyìí. Àwọn èrò kan ti rí i, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀.

N kò sọ fún ìyá mi. Kó máa bínú sí mi. Orúkọ yín ṣì dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ọkọ̀ yín á máa lọ sí Savalou, Bàbá. Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè, màá dúró, màá sì gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín pẹ̀lú ìbínú náà.